Àfòpiná Tí Ń Ba Àgbàdo Jẹ́: Bí A Ṣe Ń Wò Ó àti Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Rẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí Ó dá ohun ńlá àti ohun kékeré, tí kò sì dá ọ̀kankan nínú wọn lásán. Kí ìkẹ́ àti ọ̀là Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti ọdún yìí dá lórí ẹ̀dá kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń mú kí àgbẹ̀ káwọ́ lérí. Òun ni àfòpiná tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ àgbàdo. Ọdún 2016 ni a kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ wa, kò sì tíì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tí ẹ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ láti inú owó àgbàdo ni ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí á wo kòkòrò dáadáa kí á tó pè é lórúkọ, kí á sì mọ̀ ọ́n kí á tó fọ́n oògùn sí i. Nínú Súratul-Isrá'i, áyà 36, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀, Ó sì jẹ́ kí á mọ̀ pé a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Ojú tí a ó bi léèrè yìí náà ni a fi ń wo oko. Ẹni tí ó rí ihò lára ewé, tí ó sáré lọ ra májèlé láìmọ ohun tí ó dá ihò náà lu, ó ń jẹ́rìí sí ohun tí kò rí.

ÌDÍ TÍ KÒKÒRÒ FI WỌ INÚ Ẹ̀KỌ́ WA

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ni ó kan ilé-kéwú nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Al-Kùránì fúnra rẹ̀. Súrà 16 ń jẹ́ An-Nahl, èyíinì ni oyin. Súrà 27 ń jẹ́ An-Naml, èyíinì ni èèrà. Súrà 29 ń jẹ́ Al-Ankabút, èyíinì ni alántakùn. Nínú Súratul-Bákárà, áyà 26, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé ojú kì í ti Òun láti fi ẹ̀dá kékeré bí ẹ̀fọn ṣe àkàwé. Àfòpiná náà kò gbẹ́yìn, nítorí pé nínú Súratul-Kári'a, áyà 4, a fi àwọn ènìyàn ní Ọjọ́ Àjíǹde wé àfòpiná tí ó fọ́n káàkiri.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a) fi ara rẹ̀ wé ọkùnrin kan tí ó dá iná, tí àwọn àfòpiná ń já sínú rẹ̀, tí ó sì ń dá wọn padà ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọ́. Ẹ wo bí orúkọ tí àwọn baba wa fún ẹ̀dá yìí ti bá hádíìsì náà mu: àfòpiná, ẹni tí ń fò láti pa iná. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé àfòpiná tí ó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ó dájú pé àwọn tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ báyìí ti jókòó ti àtùpà ní alẹ́, wọ́n sì ti fi ojú ara wọn wò ó.

Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti inú àgbàdo ni ògì, ẹ̀kọ, ègbo àti àádùn ti ń wá. Àgbàdo náà ni a fi ń bọ́ adìẹ. Ẹ̀tọ́ aláìní sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Súratul-An'ám, áyà 141, pa á láṣẹ kí á yọ ẹ̀tọ́ irè oko ní ọjọ́ ìkórè. Bí irè náà bá tó ìwọ̀n tí sàká fi ń di dandan, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni sàká irè tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú ogún sì ni ti èyí tí a fi làálàá bomi rin. Ohun tí kòkòrò bá jẹ, ó jẹ ti àgbẹ̀, ó sì jẹ ti aláìní.

Bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò bi wá pé: ṣé kò sí hádíìsì tí ó sọ pé bí Mùsùlùmí bá gbin nǹkan, tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ níbẹ̀, sàráà ni fún un? Bẹ́ẹ̀ ni, hádíìsì náà wà lọ́wọ́ Bukhari àti Muslim. Ìtùnú ni ó jẹ́ fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́. Kò sọ pé kí á ká ọwọ́ gbera. Ànábì kan náà ni ó sọ fún ọkùnrin tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ràkúnmí rẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀ kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun, gẹ́gẹ́ bí Tirmidhi ti gbà á wá. Wíwo oko ẹni wà lára síso ràkúnmí mọ́lẹ̀.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Spodoptera frugiperda ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Fall armyworm ni àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sábà máa ń pè é. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pe ìyá rẹ̀ tí ń fò ní àfòpiná àgbàdo, a ó sì máa pe ọmọ rẹ̀ tí ń wọ́ lórí ewé ní kòkòrò àgbàdo.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní apá ibi tí ó gbóná, ni ilé rẹ̀ láti ayébáyé. Ní ọdún 1797, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ James Edward Smith tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn labalábá àti àfòpiná ilẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tí ń gbé ní Georgia, John Abbot, ni ó fi ọwọ́ ya àwọn àwòrán inú ìwé náà. Iṣẹ́ Abbot ni láti máa sin kòkòrò, kí ó ya kòkòrò náà, kí ó ya àfòpiná tí ó jáde lára rẹ̀, kí ó sì ya ewéko pẹ̀lú wọn. Nínú ìwé yìí ni àfòpiná àgbàdo ti kọ́kọ́ gba orúkọ frugiperda, tí ó jẹ mọ́ ìpàdánù èso ní èdè Látìnì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwòye àti àwòrán ni ìmọ̀ nípa ẹ̀dá yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní èyí tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí kámẹ́rà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni a rí i ní Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà níbí, nínú oko àgbàdo. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí IITA, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ jáde. Ní ọdún kan náà ni a rí i ní Benin, Togo àti São Tomé. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti dé púpọ̀ jùlọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ti dé India. Ó dé China ní 2019, ó dé Australia ní 2020. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé àfòpiná yìí lè bá afẹ́fẹ́ fò ju 100 kìlómítà lọ ní òru kan. Ní ọdún 2017, àjọ CABI ṣírò pé bí a kò bá ṣe ohunkóhun sí i, ó lè mú kí orílẹ̀-èdè 12 péré ní Áfíríkà pàdánù àgbàdo tí ó tó mílíọ̀nù 8.3 sí mílíọ̀nù 20.6 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Ó lè jẹ ewéko oríṣi tí ó ju 350 lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, àgbàdo ni ó fẹ́ràn jù. Ó sì ń jẹ ọkà bàbà, ìrẹsì àti ìrèké pẹ̀lú.

ÌPELE MẸ́RIN NÍNÚ AYÉ RẸ̀

Èkíní ni ẹyin. Lóru ni ìyá ń yé, sábà sí abẹ́ ewé. Ó máa ń kó ẹyin 100 sí 200 jọ lójú kan, ó sì lè yé tó 1,500 ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó ń já irun ara rẹ̀ bo ẹyin náà mọ́lẹ̀, tí ó fi dà bí ìgbà tí ewé hu èébu. Láàrin ọjọ́ 2 sí 3, ẹyin náà á pa.

Èkejì ni kòkòrò tí ń wọ́. Òun gan-an ni ó ń ṣe ibi. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Á ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti alántakùn, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ sórí àgbàdo mìíràn. Á kọ́kọ́ họ ojú ewé títí tí ewé náà yóò fi funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà á wọ inú ọ̀mùnú, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ láàrin, á jókòó síbẹ̀, á máa jẹ. Ó ń bọ́ awọ rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, títí tí yóò fi gùn tó sẹ̀ńtímítà 3 sí 4. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni èyí ń gbà. Nítorí pé wọ́n máa ń jẹ ara wọn, kòkòrò ńlá kan ṣoṣo ni a sábà ń bá nínú ọ̀mùnú kan.

Ẹ̀kẹta ni oorun inú ilẹ̀. Kòkòrò tí ó ti yó á já bọ́ sílẹ̀, á wọ inú erùpẹ̀ tí kò jìn ju sẹ̀ńtímítà 2 sí 8 lọ, á sì di ohun kan tí ó le, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí kò lẹ́sẹ̀ tí kò nìyẹ́. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbóná bíi tiwa, nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 9 ni ó ń lò.

Ẹ̀kẹrin ni àfòpiná. Á yọ láti inú ilẹ̀, á fò ní òru, akọ á wá abo, abo á sì yé. Nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ó ń lò láyé. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ẹyin dé àfòpiná, kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Ní ọdún kan, ìran lórí ìran ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka nípa Ọba tí ń mú ààyè jáde láti inú òkú, ẹ lè fi ojú yín rí àmì rẹ̀ nínú erùpẹ̀ oko.

ÀMÌ TÍ A FI Ń DÁ A MỌ̀

Gbogbo ihò ara ewé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò kan wà, bíi Busseola fusca àti Sesamia calamistis, tí wọ́n ń gbẹ́ inú igi àgbàdo tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọ inú igi tán, oògùn tí a fọ́n sórí ewé kò lè bá wọn mọ́. Òmíràn ni Spodoptera exempta, tí ó ti wà ní Áfíríkà tipẹ́, tí ó máa ń dúdú tí ó sì ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí ilẹ̀ bí ọmọ ogun. Tiwa yìí máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú ni. Nítorí náà, kí á wo àwọn àmì wọ̀nyí.

Lórí kòkòrò, ìlà funfun kan wà tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Yóò rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú láti rántí rẹ̀, nítorí pé ó jọ òǹkà mẹ́jọ ti Lárúbáwá, ٨, tí a fa ìlà kan sókè láti ṣóńṣó rẹ̀. Ní ìdí kòkòrò náà, lórí oríkèé tí ó ṣìkejì èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ ó rí àmì dúdú mẹ́rin tí wọ́n tò bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé. Kí á rí méjèèjì kí á tó sọ̀rọ̀. Àwọn kòkòrò mìíràn lè ní ìlà lórí, nítorí náà ìlà náà nìkan kò tó. Bí a ti ń pe ẹlẹ́rìí méjì sí ọ̀rọ̀ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kí á pe àmì méjì sí ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí.

Lára àgbàdo, ẹ ó rí ewé tí ó já wálawàla, ihò tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ kọjá lórí ewé, àti ìgbẹ́ kòkòrò tí ó kún inú ọ̀mùnú bí ìyẹ̀fun tí ayùn ń dà sílẹ̀ lára pákó.

Àfòpiná fúnra rẹ̀ ṣòro láti dá mọ̀ ju ọmọ lọ. Bí ó bá na ìyẹ́, láti ṣóńṣó kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 32 sí 40. Ìyẹ́ iwájú akọ ní àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú àmì funfun kan ní ṣóńṣó rẹ̀ àti òmíràn ní nǹkan bí àárín. Ti abo kò ní àmì tí ó hàn bẹ́ẹ̀. Ó rí bí ewé gbígbẹ. Ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì funfun bíi fàdákà, pẹ̀lú etí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúdú díẹ̀. Nítorí pé àwọn àfòpiná mìíràn jọ ọ́, àwòrán abo nìkan kò tó ẹ̀rí. Kí á mú un tọ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ.

BÍ A ṢE Ń WÒ Ó

Ní ọ̀sán: Àárọ̀ kùtù, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, nítorí pé bí oòrùn bá ti mú, kòkòrò á wọ inú ọ̀mùnú lọ. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ olóko. Ẹ má rìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan. Ẹ rìn kọjá nínú oko bí ìgbà tí a ń kọ lẹ́tà W, kí ẹ dúró ní ibi márùn-ún, kí ẹ sì yẹ àgbàdo 20 wò ní ibi kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 100. Ẹ kọ iye tí ó ní ihò tuntun àti ìgbẹ́ tútù sínú ìwé. Iye yìí ni a ó lò nígbà tí a bá ń pinnu ohun tí a ó ṣe.

Ní alẹ́: Lẹ́yìn ìrun Iṣá'i, kí ẹ ta aṣọ funfun kan sórí okùn ní ẹ̀bá oko, kí ẹ sì gbé iná síwájú rẹ̀. Àfòpiná oríṣiríṣi á wá bà lé e. Alẹ́ tí ó móoru, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, pàápàá lẹ́yìn òjò, ni ó dára jù. Ẹ tún wo oṣù ojú ọ̀run. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ wá síbi iná kì í pọ̀. Nítorí náà, ẹ fi òru ọjọ́ 13, 14 àti 15 oṣù sílẹ̀ fún ààwẹ̀ àwọn ọjọ́ funfun, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ yìí ní ìparí oṣù tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí òru ṣókùnkùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dá lọ; kí òbí tàbí olùkọ́ wà níbẹ̀, kí ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò. Wákàtí kan tàbí méjì tó, kí ìrun Àsùbáà má baà bọ́. Bí ẹ bá ti parí, ẹ pa iná náà. Ànábì wa pa á láṣẹ kí á pa fìtílà kí á tó sùn, àti pé iná tí a fi sílẹ̀ mọ́jú máa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

YÍYA ÀWÒRÁN

Àwọn kan lè máa rò ó bóyá àwòrán bá ẹ̀sìn mu. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí. Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i, tí ó jẹ́ Mùftí ilẹ̀ Íjíbítì láti 1914 sí 1920, kọ̀wé pé àwòrán tí kámẹ́rà yà dà bí òjìji tí a dá dúró. Kì í ṣe pé ènìyàn ń bá Ọlọ́hun dá ẹ̀dá. Àwọn onímọ̀ mìíràn le koko ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á láàyè níbi tí àǹfààní tí ó hàn bá wà. Àǹfààní ibí yìí hàn: ẹ̀kọ́ ni, ìdáàbòbò oúnjẹ sì ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n la ọ̀nà kámẹ́rà. Ibn al-Haytham, tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Cairo, kọ ìwé tí ń jẹ́ Kitab al-Manazir. Ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ara nǹkan wá sínú ojú, pé kì í ṣe ojú ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó tún ṣe àyẹ̀wò ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ihò kékeré wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Kámẹ́rà, títí kan èyí tí ó wà lára fóònù, yàrá ṣókùnkùn kékeré tí ó ní ihò ni.

Àwọn ohun tí kí á tẹ̀lé nìyí:

1. Ẹ ya àwòrán láti òkèèrè dé ìtòsí: oko lódindi, lẹ́yìn náà àgbàdo kan, lẹ́yìn náà ewé tí ó jẹ, lẹ́yìn náà kòkòrò.

2. Ẹ ya orí kòkòrò lọ́tọ̀, kí ẹ ya ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀, kí àmì méjèèjì lè hàn. Bí ó bá jẹ́ àfòpiná, ẹ yà á láti òkè tààrà níbi tí ó bà sí lórí aṣọ funfun.

3. Ẹ fi rúlà tàbí owó onírin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ bí ó ti tóbi tó.

4. Ẹ súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bí àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Kí ẹnì kan di ewé mú kí afẹ́fẹ́ má baà mì í.

5. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn gangan tàn sí i lára. Ẹ fi ara yín ṣe ibòji. Bí ó bá ṣókùnkùn jù, ẹ fi bébà funfun gba ìmọ́lẹ̀ dà sí i. Ní alẹ́, kí ẹnì kan gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe síwájú gan-an.

6. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ orí àgbàdo náà. Àwòrán tí kò ní ọjọ́ dà bí hádíìsì tí kò ní ẹni tí ó gbà á wá.

7. Ẹ má tún àwòrán ṣe kí ó lè burú jù tàbí dára jù bí ó ti wà lọ. Ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó bá yí i padà ti jẹ́rìí èké.

OHUN TÍ KÍ Á ṢE LẸ́YÌN TÍ A BÁ TI MỌ̀ Ọ́N

Bí ó bá jẹ́ òun ní tòótọ́, ẹ padà sí iye tí ẹ kọ sínú ìwé. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí CIMMYT gbé jáde ní ọdún 2018 gba àgbẹ̀ kékeré nímọ̀ràn pé nígbà tí àgbàdo bá ṣì kéré, bí nǹkan bí 20 nínú 100 bá ti ní àmì ìjẹ, kí ó gbé ìgbésẹ̀. Bí ó bá ti dàgbà ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ òdòdó, kí ó dúró títí yóò fi tó nǹkan bí 40. Bí ó bá ti yọ òdòdó, kí ó má fọ́n oògùn mọ́. Àgbàdo kékeré tí ewé rẹ̀ já díẹ̀ sábà máa ń gbé ara rẹ̀ dìde. Ẹni tí ó bá ka iye yìí lè rí i pé òun kò nílò oògùn rárá, owó rẹ̀ á sì dúró sí àpò.

Ohun tí ó rọrùn jù ni fífi ọwọ́ fọ́ ẹyin. Ojú kan tí ọmọ wa bá fọ́, kòkòrò 100 sí 200 ni ó pa. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn máa ń bu eérú tàbí iyanrìn sínú ọ̀mùnú. Kíkó kòkòrò, gbígbìn ní kùtùkùtù òjò, àti gbígbin ẹ̀wà mọ́ àgbàdo ń ṣe ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú. Ọlọ́hun sì ti dá àwọn ọ̀tá fún un: èèrà, alántakùn, ẹyẹ, àti agbọ́n kan tí ó kéré púpọ̀, Telenomus remus, tí ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin àfòpiná. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé agbọ́n yìí wà ní Benin tí ó bá wa pààlà. Májèlé tí a bá fọ́n láìnídìí yóò pa àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí.

Bí oògùn bá di dandan, kí ó jẹ́ èyí tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí a sì kọ sí ara rẹ̀ pé ó wà fún kòkòrò yìí. Kí á lo ìwọ̀n tí a kọ síbẹ̀. Kí ọmọdé má fọ́n ọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi agolo rẹ̀ bu omi tàbí epo. Ẹ̀sìn wa kò gba kí á fi ìnira kan ara wa tàbí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni májèlé tí a fọ́n sí etí odò, aládùúgbò ni yóò mu ún.

Bí a bá sì fẹ́ pa kòkòrò náà, kí á pa á lẹ́ẹ̀kan, kí á má fi iná sun ún, kí á má fi dá ara wa lára yá. Bukhari gba ìtàn ànábì kan wá, tí èèrà kan jẹ tí ó sì sun gbogbo ilé èèrà, tí Ọlọ́hun sì bá a wí. Òótọ́ ni pé a lè dáàbò bo oko wa, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò mọ̀ pé oko ẹnìkan ni. Ohun tí Ọlọ́hun dá mọ́ ọn ni ó ń ṣe.

ÌPARÍ

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ba wo ẹ̀fọ́ kò lè rí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín dé oko pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí fóònù tí wọ́n ń fi ṣeré di ohun èlò ìmọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ, ohun tí ẹ kò bá rí, ẹ má sọ ọ́. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí irè oko wa, kí Ó sì jẹ́ kí ojú wa jẹ́rìí gbè wá ní ọjọ́ tí a ó bi í léèrè. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Dárúkọ súrà mẹ́ta tí a fi orúkọ ẹ̀dá kéékèèké pè.

2. Ọdún wo ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò àgbàdo ní Áfíríkà, apá ibo sì ni?

3. Àmì méjì wo ni a ó rí lára kòkòrò náà kí á tó pè é lórúkọ?

4. Kí ló dé tí àwòrán abo àfòpiná nìkan kò tó ẹ̀rí?

5. Òru wo nínú oṣù ni kò dára fún títan iná sí aṣọ funfun, kí sì nìdí rẹ̀?

6. Bí a bá yẹ àgbàdo kékeré 100 wò, tí 8 ní àmì ìjẹ, ṣé kí olóko ra oògùn? Ṣàlàyé.